Ẹni 13, agbára ò dọ́gba: ibo ni ká gbé ní Les Arcs, La Plagne tàbí Val Thorens?

Àbẹ̀ní_Lewisham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́tàlá là ń gbéra láti London lọ sí àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín táàmù nínú oṣù Kejì. Agbára wa ò dọ́gba rárá. Mẹ́rin ò tíì fẹsẹ̀ kan bàtà síkì rí. Mẹ́rin lè sọ̀ lójú ọ̀nà búlùú bí kò bá dà jù. Méjì ti di ọ̀gá, ọ̀nà dúdú ni wọ́n ń wá kiri. Ọmọdé méjì wà, ọdún 7 àti 10, tí wọ́n máa wọ kíláàsì. Màmá wa, ẹni ọdún 68, kò ní síkì, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ pé àwọn ò wá jókòó ti fèrèsé.

Ibi mẹ́rin la ń wò: Arc 1950 àti Arc 1800 (abúlé Les Arcs ni méjèèjì), Belle Plagne (abúlé La Plagne) àti Val Thorens. Val Thorens ni àwọn ọ̀gá méjèèjì ń pariwo. Ilé kan ní Arc 1950 kọ ọ́ sójú ìpolówó pé ẹnu ọ̀nà ilé gan-an la ti máa wọ síkì, ibẹ̀ náà la ó sì ti bọ́ ọ. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tí à ń sanwó lé? Kí ló yẹ ká wò?

Ọ̀gá_Máàpù
Àbẹ̀ní, ẹ kú ètò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá méjèèjì bá yín yan páàsì (tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gun lift), kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá yan ilé. Ẹni tó mọ síkì dáadáa lè gba lift (ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè) méjì kó sì dé ibi tó wù ú láàárín ogún ìṣẹ́jú, ibi yòówù kó sùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò ní irú òmìnira yẹn. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ti ẹni tó ń kọ́ síkì yàtọ̀: ọ̀nà kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé e délé. Ọ̀nà yẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìpolówó "ẹnu ọ̀nà" kì í sọ àwọ̀ ọ̀nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Faransé: àwọ̀ ewé ló rọ̀ jù, búlùú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ló kẹ́yìn. Ilé lè fara ti ọ̀nà lóòótọ́, kó wá jẹ́ pé pupa ni. Búlùú gan-an, bó ṣe rí láago mẹ́wàá àárọ̀ kọ́ ló ń rí láago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ padà sílé nígbà yẹn. Wọ́n á ti ha yìnyín rírọ̀ orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá di òkìtì òkìtì, èyí tó le bíi gíláàsì lábẹ́ á sì yọ síta. Ẹsẹ̀ ti rẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí yẹn, orúnkún ò sì gbọ́ràn mọ́. Àsìkò yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ń ṣubú.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Máàpù aláwọ̀ mèremère tí ilé iṣẹ́ lift ń pín, àwòrán lásán ni. Ayàwòrán ti tẹ́ òkè sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wọ ojú ìwé kan, torí náà ẹ má fi wọn ìrìn. Ẹ lọ sórí ìkànnì máàpù ìjọba Faransé, kẹ́ ẹ ṣí máàpù IGN (ilé iṣẹ́ máàpù orílẹ̀-èdè wọn) tó ní ìlà gíga, kẹ́ ẹ wá ilé náà síbẹ̀. Ẹ wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹsẹ̀ lift, kẹ́ ẹ ka iye ìlà tó gé e kọjá. 200 mítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú ò ṣe nǹkan kan. Bí 200 mítà yẹn bá gun òkè ní 25 mítà, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, nítorí bàtà àti síkì àgbàlagbà kan máa ń tó kílò 8 sí 10. Bàtà yẹn kì í tẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀. Èèyàn á máa rìn bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dè lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ bi onílé: àwọ̀ wo ni ọ̀nà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn? Aago mélòó ni lift tó kẹ́yìn tó lè gbé wa wálé ń tì? Bí ọ̀nà bá ṣòro fún ẹnì kan, ṣé gondola (yàrá kékeré tó ń rìn lórí wáyà) wà tó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀? Ibo ni àwọn olùkọ́ ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ? Onílé tó bá fi "kò jìnnà" dá yín lóhùn, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, kó fi mítà sọ ọ́.

Ará_Croydon
Ẹ má tíì ti Val Thorens dànù o. Abúlé náà wà ní 2,300 mítà, kò sí ìlú síkì tó ga tó o ní Europe. Páàsì Trois Vallées á gbé yín rìn dé Méribel àti Courchevel, 600 kìlómítà ọ̀nà. Ilé pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Téèyàn bá ti fowó ìsinmi àárín táàmù sílẹ̀, ó yẹ kí yìnyín dá a lójú.

Ọmọ_Olókè
Ẹ̀gbọ́n Croydon, yìnyín kọ́ ni wàhálà oṣù Kejì. Ní àsìkò yẹn, 1,800 mítà náà sábà máa ń ní in dáadáa. Ẹni tó ń lọ ní ìparí oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin ni gíga Val Thorens máa ń gbà.

Ohun tí ẹ ò sọ ni pé igi ò sí níbẹ̀, igi kì í hù ní gíga yẹn. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ tàbí tí yìnyín ń já bọ́, ojú ọ̀run á funfun, ilẹ̀ á funfun, òjìji ò ní sí. Ẹni tó wà lórí síkì ò ní mọ̀ bóyá iwájú òun ń ga ni tàbí ó ń sọ̀. Ó tiẹ̀ lè dúró sójú kan kó rò pé òun ń lọ. Ọ̀gá á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ilẹ̀. Ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́ á ṣubú lórí ohun tí kò rí, á sì bọ́ síkì sílẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní ọ̀nà tó gba inú igbó, èèpo igi dúdú wà lọ́tùn-ún lósì tí ojú lè fi mọ ìdàgẹ̀rẹ̀, igi sì tún ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní. Bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì nínú mẹ́fà, níbi tó nígi, kíláàsì á máa lọ.

Ohun kan náà ni mo ní lòdì sí Arc 1950 fún ẹgbẹ́ yín. Abúlé tó dára ni, ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i, mọ́tò kì í wọ àárín rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì ni síkì lóòótọ́, wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n inú ọpọ́n òkè tí kò fi bẹ́ẹ̀ nígi ló wà pẹ̀lú Arc 2000. Ibi ìkọ́ṣẹ́ wọn kéré, òkè tó yí i ká sì le. Àwọn ọ̀gá yín méjì ni ibẹ̀ máa dùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Adùkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa fi gíga ṣe fáàrí, ẹ béèrè jínótáìpù gbogbo ẹni mẹ́tàlá. Láàárín àwa, ìbéèrè yìí ṣe kókó nínú yíyan ilé.

Ní 2,000 mítà, ọ́síjìn tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé dín ní nǹkan bí 20 nínú 100 sí ti London. Ní 3,000 mítà, ó dín ní nǹkan bí 30. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, òtútù, òùngbẹ, làálàá àti àìtó ọ́síjìn ni nǹkan mẹ́rin tó lè fa kíráísì, òkè síkì sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ síbì kan. Kó lọ rí àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kíríníìkì kẹ́ ẹ tó san owó ilé, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti san án. Kó sì sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà níṣòro. Síbẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan lókè gíga pé ẹ̀jẹ̀ ò lọ sínú ọlọ inú dáadáa mọ́, pàápàá tí wọ́n bá ṣe làálàá lójijì. Àmì rẹ̀ ni ìrora lábẹ́ egungun ìhà òsì, pẹ̀lú èébì nígbà míì. Ẹ má fún un ní oògùn inú rírun. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé AS ni. Ẹ fi sọ́kàn pé ṣónṣó Aiguille Rouge ní Les Arcs jẹ́ 3,226 mítà.

Ní ti ilé, ibi tí èèyàn ń sùn ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín 1,600 sí 1,800 mítà, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà á. Ní 2,300, orí fífọ́ àti àìrí oorun sùn lálẹ́ méjì àkọ́kọ́ wọ́pọ̀. Màmá ẹni ọdún 68 náà, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kẹ́ ẹ tó lọ.

Àbẹ̀ní_Lewisham
Áà, ẹ ṣeun gan-an Nọ́ọ̀sì. AS méjì wà láàárín wa, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú àwọn ọ̀gá. Val Thorens àti Arc 1950 ti kúrò nìyẹn. Ó ku Arc 1800 àti Belle Plagne.

Ìyá_Ìbejì_SE15
Ẹ má gbàgbé ọmọdé. Kíláàsì àárọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, olùkọ́ kì í sì í dúró de ẹni tó pẹ́, nítorí gbogbo kíláàsì ló jọ ń gun lift. Bí ilé bá jìnnà sí ibi ìpàdé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àgbàlagbà, ẹ kà á sí ogún fún ọmọ ọdún 7. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn yan ilé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ní ESF (ilé ẹ̀kọ́ síkì Faransé), ọmọ tí kò ṣe síkì rí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele Ourson, lẹ́yìn rẹ̀ ni Flocon, lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìràwọ̀ Kìíní. Piou-Piou wà fún àwọn tó kéré ju ti yín lọ. Ẹ má ṣe gbé ọmọ ga ju ìwọ̀n rẹ̀ nítorí pé orí rẹ̀ jí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n á dá a padà, kíláàsì tó yẹ ẹ́ sì lè ti kún. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kíláàsì tètè ń kún ju ilé lọ. Ẹ gba kíláàsì lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ bá gba ilé.

Àgbàlagbà mẹ́rin tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ fi àwọn náà sí kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ kọ́ ìyàwó o. Gbogbo ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá òkè síkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti gbọ́ bí ìjà yẹn ṣe ń lọ.

Ọ̀gá_Máàpù
Ó dáa, Arc 1800 àti Belle Plagne.

La Plagne ló rọrùn jù fún àwọn mẹ́rin tó mọ búlùú. Àwọn abúlé òkè rẹ̀, Plagne Centre, Plagne Bellecôte, Belle Plagne àti àwọn yòókù, jókòó sínú ọpọ́n gbayawu kan tí ọ̀nà búlùú fẹ̀ káàkiri inú rẹ̀. Belle Plagne fúnra rẹ̀ lẹ́wà, ó wà ní 2,050 mítà, ilé mọ́tò sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn pọ̀ láàárín ilé sí ilé. Ẹ rántí Màmá. Ibi gbayawu náà ni, igi ò tó. Àwọn ọ̀gá yín á sì tètè rẹ́yìn ọ̀nà tó le níbẹ̀ bí wọn ò bá fẹ́ gba ìta ọ̀nà, èyí tí mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láìsí afinimọ̀nà òkè, ẹ̀rọ ìwáni lábẹ́ yìnyín, ṣọ́bìrì àti ọ̀pá ìwádìí.

Arc 1800 ni mo máa mú fún yín, mo sì máa sọ ìdí. Gondola Villards ń gbéra láàárín abúlé, ó ń gbé èèyàn lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Mille8. Ẹní tó ń rìn wà níbẹ̀ (téèyàn á dúró lé lórí, á sì máa gbé e gòkè), ọ̀nà àwọ̀ ewé wà, ọ̀nà sléèjì wà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà. Bí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á kàn gba gondola náà sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá lè gba gondola kan náà lọ wo àwọn ọmọ.

Àwọn mẹ́rin tó mọ búlùú á máa lọ sí ìhà Vallandry. Ọ̀nà fífẹ̀ ló wà níbẹ̀ láàárín igi, wọ́n sì lè fi búlùú nìkan lọ kí wọ́n fi búlùú nìkan bọ̀. Àwọn ọ̀gá á gba gondola Transarc dé Col de la Chal ní nǹkan bí 2,600 mítà, wọ́n á kọjá sí ìhà Arc 2000, wọ́n á gun Aiguille Rouge (kí AS yẹn ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kejì ná), wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ dé Villaroger, nǹkan bí 2,000 mítà ìsọ̀kalẹ̀ lórí kìlómítà 7. Ìyẹn nìkan á pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ará_Denver
Fún àwọn tó ń ka èyí láti Amẹ́ríkà: ẹ má fi àwọ̀ Faransé wọn tiwa. Níbí, àwọ̀ ewé ni tó rọ̀, búlùú ni àárín, dáyámọ́ńdì dúdú ni tó le. Kò sí pupa. Ọ̀nà búlùú wa kan lè jẹ́ pupa lọ́dọ̀ wọn.

Ìlànà ilé kò yàtọ̀. Ní Breckenridge, ìlú síkì kan ní Colorado, ẹsẹ̀ òkè Peak 9 ni ẹ gbé akẹ́kọ̀ọ́ sí, àwọn ọ̀gá á wá ọ̀nà tiwọn lọ sí Peak 10. Ẹni tó bá gbé àárín ìlú lè fi gondola ọ̀fẹ́ dé Peak 7 àti Peak 8. Ṣùgbọ́n ìlú yẹn fúnra rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9,600, nǹkan bí 2,900 mítà. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn nìyẹn, kì í ṣe ṣónṣó. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ṣe kókó fún wa ju fún àwọn ará London lọ. Ẹ sùn ní Denver lálẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó gòkè.

Àbẹ̀ní_Lewisham
Mo ti ń rí ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé ká gba ilé ńlá kan ni àbí méjì? Ṣé gbogbo wa la máa ra páàsì ńlá Paradiski? Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ńkọ́? Màmá ò lè jẹ wàràkàṣì fún ọjọ́ méje.

Alásè_Òkè
Oúnjẹ àti ilé, tèmi nìyẹn.

Nílẹ̀ Faransé, "fúláàtì ẹni 6" túmọ̀ sí pé ẹni mẹ́fà lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò sọ pé wọ́n á lè mí. Ẹni méjì lórí àga pálọ̀ tó ń di bẹ́ẹ̀dì, méjì ní yàrá, méjì lórí bẹ́ẹ̀dì alágbèékà nínú ihò kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní coin montagne, tí kì í sábà ní fèrèsé. Ẹ wo iye mítà onígun mẹ́rin: ẹni 6 ní 35, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin tèmi: ẹ yọ ẹni méjì kúrò nínú iye tí wọ́n kọ. Fún ẹni 13, ẹ wá fúláàtì méjì, tí wọ́n kọ ẹni 8 sí ọ̀kan, ẹni 9 sí èkejì, nínú ilé kan náà, àjà kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ilé ńlá kan ṣoṣo tó gba 13 sábà máa ń jìnnà sí lift, ó sì máa ń ní ilé ìwẹ̀ méjì péré. Ẹni 13, ilé ìwẹ̀ méjì, kíláàsì aago mẹ́sàn-án. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti tówẹ́lì wà nínú owó. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí. Sátidé sí Sátidé ni, kọ́kọ́rọ́ ń jáde ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń lé èèyàn jáde láago mẹ́wàá àárọ̀.

Oúnjẹ: láti ọdún 2021, ẹni tó bá ti Britain wọ ilẹ̀ EU kò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹran díndín, ẹ fi sílé. Ẹja gbígbẹ kò sí nínú èèwọ̀ yẹn, torí náà pánla àti ẹja kíkà lè tẹ̀ lé yín. Gàárì àti èlùbọ́ ò ní ìṣòro. Ata tútù àti ẹ̀fọ́ tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn. Ẹ lọ̀ ata, ẹ sè é, ẹ dì í, tàbí kẹ́ ẹ ra tàtàsé ní Bourg-Saint-Maurice. Ẹ ra gbogbo ohun tó wúwo ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè, ọjà òkè wọ́n.

Ẹ̀wà kì í tètè jinná lókè. Ní 1,800 mítà, omi ń hó ní nǹkan bí dígírì 94, kì í dé 100, torí náà bó ti wù kẹ́ ẹ koná tó, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, tàbí kẹ́ ẹ gbé ìkòkò onípírẹ́ṣọ̀ dání. Èbà ò níṣòro, ẹ kàn da omi sí i bó ti ń hó lọ́wọ́. Ẹ má din ata nínú pálọ̀ yẹn láìṣí fèrèsé, aago èéfín á lé gbogbo ilé jáde sínú yìnyín.

Ọmọ_Olókè
Páàsì: ẹ má ra ńlá fún gbogbo èèyàn. Àwọn mẹ́rin tí kò ṣe síkì rí ò ní kúrò ní Mille8 fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ béèrè páàsì akẹ́kọ̀ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ bóyá ó wà nínú owó kíláàsì. Àwọn búlùú, Les Arcs nìkan tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọ̀gá nìkan ni Paradiski tọ́ sí, ìyẹn Les Arcs àti La Plagne pọ̀, ó lé ní 400 kìlómítà. Bí àwọn búlùú bá fẹ́ rí La Plagne, wọ́n lè fi owó kún un fún ọjọ́ kan. Fún Màmá, páàsì ẹlẹ́sẹ̀ wà. Gondola gbà á, àga tó ń rìn lórí wáyà kì í sábà gba ẹni tí kò wọ síkì.

Vanoise Express, ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà, ló so òkè méjèèjì pọ̀, láti Plan-Peisey sí ìhà Montchavin àti Les Coches. Ọkọ̀ rẹ̀ alájà méjì ń gba ẹni 200, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ẹ ṣọ́ra fún un lọ́sàn-án. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á tì í. Ẹni tó bá kù sí òdìkejì, mọ́tò gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé àfonífojì kó tún gùn ún padà, owó takisí yẹn á dun yín. Kí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà ó pẹ́ tán wákàtí kan ṣáájú èyí tó kẹ́yìn.

Oúnjẹ ọ̀sán, ẹ fi ọjọ́ méjì sí i, ẹ má fi mẹ́fà. Ibi tí gondola dé ni kẹ́ ẹ ti pàdé, kí gbogbo èèyàn lè débẹ̀: Màmá lórí gondola, akẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì, àwọn ọ̀gá láti òkè. Aago kan ọ̀sán ni ibi gbogbo ń kún. Ẹ yan aago mọ́kànlá ààbọ̀ tí kíláàsì bá ń jáde, tàbí aago méjì.

Ìbánigbófò: káàdì GHIC (káàdì ìlera tí UK ń fún arìnrìn-àjò) á ràn yín lọ́wọ́ ní ọsibítù ìjọba, kò ní san owó àwọn tó máa fi sléèjì tàbí hẹlikópítà gbé èèyàn kúrò lórí òkè. Ẹ rí i pé ìwé yín dárúkọ síkì. Àwọn tó ń ta páàsì tún ń ta ìbánigbófò síkì kan tó ń jẹ́ Carré Neige pẹ̀lú rẹ̀.

Ará_Croydon
Mo gbà fún yín lórí Val Thorens. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà láàárín yín, ìwé ìgbélùú UK ò tó o, físà Schengen ni. Ti Faransé lẹ máa béèrè fún, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ọ̀nà: ọkọ̀ ojú irin dé Bourg-Saint-Maurice, tí ẹ ó fi bọ́ sínú fùníkúlà (ọkọ̀ irin tí okùn ń fà gun òkè) tó ń gòkè dé Arc 1600 ní ìṣẹ́jú méje, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì sí 1800. Tẹ́ ẹ bá gba Geneva, ẹ fi ọkàn sí i pé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Sátidé oṣù Kejì láàárín Albertville àti Moûtiers kì í ṣe eré.

Àbẹ̀ní_Lewisham
Ó ti di Arc 1800, fúláàtì méjì. Onílé kan ní tòun wà ní Villards, òmíràn ní Charmettoger, òmíràn ní Chantel. Èwo? Àwọn obìnrin wa tún ń béèrè nípa irun àti àṣíborí.

Ìyá_Ìbejì_SE15
Irun: ṣùkú ò lè wọ inú àṣíborí, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Irun dídì tó lẹ̀ mọ́ orí, tí ìrù rẹ̀ sọ̀ sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀ ibi tí àṣíborí mọ, ló dára. Ẹ di irun náà kẹ́ ẹ tó lọ wọn àṣíborí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìwọ̀n á yí padà. Fìlà sílíkì tẹ́ẹ́rẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó nípọn kò gbọdọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá mi orí, tí àṣíborí sì dá rìn, ó tóbi jù.

Ọ̀gá_Máàpù
Villards. Àárín ló wà, gondola àkẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà nítòsí, ilẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga fún Màmá. Charmettoger dákẹ́, ó súnmọ́ igi, tọkọtaya á fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun abúlé ni, ìrìn àárọ̀ á gùn fún àwọn ọmọ. Chantel wà lókè, síkì kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti rà, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ lọ rà á, á sì gùn ún padà. Tí Villards bá ju agbára yín lọ, ẹ gba Charmettoger kẹ́ ẹ sì háyà kọ́bọ́ọ̀dù síkì lẹ́sẹ̀ lift; ọ̀pọ̀ ilé tó ń yáni ní síkì ní in. Bàtà lásán lẹ ó máa fi rìn lọ, síkì á sùn síbẹ̀.

Àbẹ̀ní_Lewisham
Villards náà ni. Onílé ti fèsì: búlùú ló dé ẹ̀yìn ilé, 90 mítà sí gondola, fúláàtì méjèèjì wà ní àjà 3. Ṣé kí n sanwó?

Ọ̀gá_Máàpù
Ẹ ṣì dúró díẹ̀. Àwọn ilé Les Arcs, èyí tí ayàwòrán ilé Charlotte Perriand àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ara òkè ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ wọn lé, wọ́n ń sọ̀ bí àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà òpópónà lè wà ní àjà 6, kí ẹnu ọ̀nà yìnyín wà ní àjà 1, tàbí kó jẹ́ òdìkejì. Àjà 3 ò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ bi í: àjà wo ni èèyàn ń jáde sórí yìnyín, àjà wo ló ń jáde sí òpópónà, ṣé ẹ̀rọ agbénigòkè inú ilé dé méjèèjì, àjà wo sì ni yàrá ìkósíkìsí wà. Tí ẹ̀rọ náà bá dé méjèèjì, ẹ sanwó.

Àbẹ̀ní_Lewisham
Mo ti fi ránṣẹ́ sí i báyìí.